Ìpanu, Búrẹ́dì àti Búkà ní Salvador

Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó ń lọ sí Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, tí kò sì fẹ́ fi oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì nìkan lo gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ yóò máa gbọ́ orúkọ tó mọ̀. Àkàrà ni wọ́n ń pè ní acarajé. Abará jọ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹ̀kọ ni acaçá. Ohun tó sì ń mú kí àwọn ènìyàn wa ṣìṣe níbẹ̀ ju òyìnbó lọ gan-an nìyẹn. Òyìnbó mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan, ó ń béèrè. Àwa gbọ́ àkàrà, a na owó, a sì gbé e sẹ́nu, láìmọ̀ pé edé, ẹ̀pà, kaṣú àti omi àgbọn wà nínú ohun tí wọ́n kì sí i. Ẹ jẹ́ kí ojú yín ṣiṣẹ́ kí ẹnu tó ṣiṣẹ́.

OHUN TÍ Ẹ ÓÒ KÓ DÁNÍ

Owó kéékèèké ni àkọ́kọ́. Real ni orúkọ owó wọn. Ẹ wá owó 5, 10 àti 20. Alákàrà tí ẹ bá na owó 100 sí lè má ní ṣéńjì. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń gba káàdì, kódà lẹ́bàá títì. Àmọ́ Pix, ètò ìsanwó orí fóònù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020 tí ọ̀pọ̀ ará Bràsíl ń lò báyìí, kò rọrùn fún àlejò tí kò ní àkáǹtì ní báńkì wọn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bébà ìnuwọ́ àti sànìtáísà. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín àkàrà, yóò sì kun yín lọ́wọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ẹ má wọ aṣọ funfun tí ẹ kò fẹ́ kó bàjẹ́.

Omi inú ike. Ẹ má mu omi ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ ní água mineral sem gás. Bí ẹ kò bá sọ sem gás, omi tó ń hó bíi ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n lè gbé fún yín.

Pákẹ́ẹ̀tì ORS méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ilé ni kí ẹ ti rà á lọ.

Ìwé pélébé kan tí ẹ kọ ohun tí ara yín kì í gbà sí, ní èdè Potogí, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Bí àpẹẹrẹ: Não posso comer camarão, ìyẹn ni pé mi ò lè jẹ edé. Amendoim ni ẹ̀pà, castanha ni kaṣú, leite ni wàrà, porco ni ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ fún fóònù nìkan. Fóònù lè kú, ariwo ojú pópó sì lè máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹni tí edé tàbí ẹ̀pà máa ń mú ètè rẹ̀ wú kó fi oògùn rẹ̀ sápò, kó má fi í sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Báàgì kékeré tí a lè gbé kọ́ àyà. Bí ẹ bá ń jẹun ní ìdúró, ọwọ́ yín méjèèjì ni yóò kún, àwọn tó ń jalè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

ÒWÚRỌ̀: ILÉ BÚRẸ́DÌ

Padaria ni ilé búrẹ́dì. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń ṣí i, wọ́n sì tún máa ń yan òmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Búrẹ́dì kékeré tí èèpo rẹ̀ ń dún kàkà lẹ́nu, tí inú rẹ̀ fúyẹ́, ni pão francês. Àwọn ará Salvador tún ń pè é ní cacetinho. Ẹ má retí adùn búrẹ́dì Agége nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, nítorí náà ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ wo ibi tí àwọn ará àdúgbò tò sí: bí ìlà bá gùn, búrẹ́dì ń ti inú ààrò jáde lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ dúró.

Pão de queijo rí róbótó, ó sì ṣe é jẹ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ àti wàràkàṣì ni wọ́n fi ṣe é, ìpínlẹ̀ Minas Gerais ló sì ti wá. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Tó bá tutù tán, ó máa ń fà bíi rọ́bà, ẹni tó bá sì jẹ tútù nìkan yóò máa sọ nílé pé kò dára.

Bí ibi tí ẹ wọ̀ bá ń ta oúnjẹ àárọ̀ gidi, ẹ wá inhame. Iṣu ni, wọ́n sè é, wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aipim, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí kò korò, àti banana-da-terra, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ẹni tó bá ti ń ṣàárò ilé kò ní rí ohun tó tù ú nínú ju èyí lọ.

Ní ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì àti búkà, wọn yóò fún yín ní ìwé tàbí káàdì kan bí ẹ bá ń wọlé. Comanda ni wọ́n ń pè é. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí ẹ bá jẹ sí, ẹ óò sì sanwó bí ẹ bá ń jáde. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù yóò máa bá akọ̀wé owó ṣe àlàyé, èdè kò sì ní jẹ́ kí àlàyé náà yá.

Ọ̀SÁN: BÚKÀ ONÍKÍLÒ

Ọ̀sán ni oúnjẹ ńlá wọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ comida a quilo sí. Ẹ óò mú àwo, ẹ óò bu ohun tó wù yín fúnra yín, wọn óò wọ̀n ọ́n, ẹ óò sì san owó ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Potogí lè jẹun dáadáa níbẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Ẹ yípo tábìlì náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó mú àwo. Ìbẹ̀rẹ̀ tábìlì ni wọ́n máa ń kó ìrẹsì àti ẹ̀wà sí, ẹja àti ẹran sì wà lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ yípo yóò fi ìrẹsì kún àwo kó tó rí ẹja. Àwo tó wọ̀n tó gíráàmù 400 sí 500 tó fún àgbàlagbà. Ẹ óò rí farinha lórí tábìlì, gàrí funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́, wọn kì í sì í fi omi rin ín. Orí ẹ̀wà àti ọbẹ̀ ni wọ́n ń wọ́n ọn sí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ni àsìkò. Bíi aago mọ́kànlá ààbọ̀ sí aago kan ni oúnjẹ ń gbóná, tí wọ́n ń pààrọ̀ àwo lemọ́lemọ́. Èmi fúnra mi wọ búkà kan nígbà tí aago mẹ́ta ti kọjá, nítorí pé ìlà ti tán. Ẹja alágbọn ló kù, kò gbóná, kò tutù. Mo bù ú, ó sì dùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti lọ sílé ìyàgbẹ́ nígbà mẹ́jọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo àwo kí n tó bu oúnjẹ: bí àwo irin náà kò bá gbóná débi pé mo fa ọwọ́ yọ, mo kọjá.

ÌRỌ̀LẸ́: ÀKÀRÀ

Láti bí aago mẹ́rin ni àwọn alákàrà ń tẹ́ àtẹ wọn. Baiana ni wọ́n ń pè wọ́n. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n we gèlè, wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Àdúgbò Rio Vermelho ni òkìkí àkàrà pọ̀ sí, ní Largo de Santana àti Largo da Mariquita, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí wọn kò sí.

Ẹ dúró lókèèrè díẹ̀, kí ẹ wò ó. Ìyá náà ń po ẹ̀wà lílọ̀ nínú ìkòkò títí tó fi wú, tó funfun bí òwú. Ata kò sí nínú rẹ̀, àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ni. Ó fi ṣíbí onígi bù ú, ó fi ṣíbí kejì tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì jẹ́ kó rọra yọ́ wọ inú epo pupa tó jìn. Odidi àlùbọ́sà kan ń léfòó nínú epo náà, kí epo má baà tètè jó. Àkàrà náà tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Bó bá pọ́n, ó yọ ọ́, ó fi ọ̀bẹ là á láàárín bí ẹni la búrẹ́dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: vatapá, tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà tàbí kaṣú, omi àgbọn àti epo rò títí tó fi ki, caruru, ìyẹn ilá, tòmátì tútù gígé, edé gbígbẹ lórí gbogbo rẹ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Ẹ wo epo. Epo tó dára pọ́n, ó sì ń dán. Èyí tó ti dúdú bí ọ̀dà, tí èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ẹ kọjá níbẹ̀.

2. Ẹ wo àwọn ìkòkò ẹ̀gbẹ́ ju àkàrà fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó ń ti inú epo gbígbóná bọ̀ kì í sábà ṣe ènìyàn ní nǹkan. Vatapá, ilá àti tòmátì ló lè dá wàhálà sílẹ̀, nítorí wọ́n ti sè wọ́n láti àárọ̀, oòrùn Salvador kò sì dẹ̀. Ẹ fẹ́ kí ìkòkò náà ní ìdérí, kó kéré, kí wọ́n máa rọ òmíràn sí i látinú kúlà. Bí eṣinṣin bá ń bà lé e, ẹ ra àkàrà nìkan, kí ẹ ní wọn kò gbọdọ̀ kì í.

3. Ẹ wo ọwọ́. Alákàrà tó mọ iṣẹ́ máa ń ní ọmọ kan tó ń gba owó fún un. Bó bá jẹ́ ọwọ́ kan náà ló ń gba owó tó sì ń mú edé, ẹ wá ẹlòmíràn.

4. Ẹ kí i kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Boa tarde ni ẹ ó sọ, bí ilẹ̀ bá ṣú, boa noite. Àwọn náà kì í fẹ́ràn ẹni tí kì í kí ènìyàn.

5. Ẹ béèrè owó rẹ̀: Quanto é? Àkàrà tó ní edé lórí sábà máa ń wọ́n ju èyí tí kò ní lọ. Ẹ má nájà. Àkàrà kì í ṣe aṣọ ọjà Balógun, iye kan náà ni gbogbo ènìyàn ń san. Iṣẹ́ tí wọ́n ń bọlá fún ni: ní 2005, IPHAN, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá Bràsíl, kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Kí ìdíje ife àgbáyé 2014 tó dé, àwọn alákàrà jà kí wọ́n má baà lé wọn kúrò ní pápá bọ́ọ̀lù Fonte Nova ní Salvador, wọ́n sì borí.

6. Ẹ dáhùn ìbéèrè ata. Ó lè bi yín pé quente ou frio? Gbígbóná àbí tútù ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ata ló ń sọ. Ẹni tó bá ní quente, tó rò pé àkàrà gbígbóná lòun ń béèrè, ata ni wọn yóò kó sínú rẹ̀ fún un. Mo mọ̀ pé Yorùbá kì í sá fún ata. Àmọ́ ata tiwọn, inú epo ni wọ́n ti dín in pẹ̀lú edé, ó sì ki. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní pimenta à parte, kí wọ́n bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ fi ẹnu tọ́ ọ wò.

7. Ẹ fi ìwé yín hàn án tí nǹkan kan bá wà tí ara yín kì í gbà. Kí ẹni tí edé lòdì sí má rò pé bí wọ́n bá yọ edé orí rẹ̀ kúrò ó ti bọ́. Edé wà nínú vatapá, ó wà nínú ilá, ó wà nínú ata. Kódà àkàrà lásán ń jáde látinú àtẹ tí edé kún. Bí edé bá lè pa yín, ẹ má jẹ ẹ́ rárá. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

8. Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dì í mú, ẹ ní no prato, wọn yóò fi sínú àwo. Ẹ má gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì láti jẹ ẹ́ lóru.

9. Ẹyọ kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Epo, ẹ̀pà àti àgbọn ló pàdé nínú rẹ̀, ó sì wúwo ju àkàrà márùn-ún tiwa lọ.

Ẹni tí epo púpọ̀ ń dà láàmú kó ra abará. Ẹ̀wà kan náà ni, wọ́n po epo àti edé mọ́ ọn, wọ́n pọ́n ọn séwé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fi ooru omi sè é. Ẹ tú ewé náà, kí ẹ rí i pé ó ń gbóná dé inú. Ní ti ẹ̀kọ, ẹ má retí pé ẹ ó rí i rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàrà; ilé òrìṣà ni acaçá wọ́pọ̀ sí.

Mo ti rí ọmọ Èkó tó bínú nídìí àtẹ pé èyí kì í ṣe àkàrà. Kó rántí pé àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà wá sí Èkó gbé fùrẹ́jọ̀n dání, ẹ̀wà alágbọn tí à ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, a kò sì ní kì í ṣe ẹ̀wà. Oúnjẹ tó bá rin ìrìn àjò yóò yí padà.

OJÚ PÓPÓ ÀTI ETÍ ÒKUN

Lanchonete ni ibi ìpanu. Coxinha ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, adìyẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò tí wọ́n dín. Inú gíláàsì tó ń móoru ni wọ́n ń kó o sí, ẹ kò sì mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín, tàbí kí ẹ ra pastel, ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n kì nǹkan sínú rẹ̀, tí wọn yóò dín lójú yín.

Ẹ ṣọ́ra fún caldo de cana, omi ìrèké tí wọ́n ń fún lójú títì. Ní 2005, omi ìrèké kó àrùn Chagas ran àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Santa Catarina, àwọn kan sì kú. Kòkòrò tó ń gbé àrùn náà ló wọ inú ìrèké, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìrèké tí wọ́n ti hó èèpo rẹ̀ tán, tí wọ́n fọ̀, tí wọn kò gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀. Èmi kì í mu ún. Omi àgbọn tí wọ́n bẹ́ orí rẹ̀ lójú mi ni mo ń mu.

Ní etí òkun, queijo coalho dára: wàràkàṣì lórí igi, ọmọkùnrin kan gbé iná èédú kiri nínú agolo, ó sì ń yan án níwájú yín. Ẹ béèrè owó rẹ̀ kó tó gbé e sórí iná. Edé sísè tí wọ́n fi gún igi tí wọ́n ń gbé kiri nínú oòrùn, ẹ fi sílẹ̀, kódà bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ń jẹ ẹ́.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ fi takisí padà. Ẹ má rin etí òkun lóru.

BÍ INÚ BÁ BÀJẸ́

Ẹ pò ORS, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí wọn kò kún kọjá etí ṣíbí, sínú omi mímọ́ lítà kan. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ibà bá ga, bí omi kò bá dúró nínú, tàbí tó bá ti kọjá ọjọ́ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọdé àti arúgbó kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Bí ètè tàbí ọ̀fun bá ń wú, tí mímí sì ń le, ẹ pe 192 lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ ìlera pàjáwìrì ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀SÌN ÀTI TI FÓTÒ

Nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Bràsíl, oúnjẹ Iansã, ìyẹn Ọya, ni àkàrà, ọ̀pọ̀ alákàrà sì jẹ́ ọmọ òrìṣà. Àwọn Kristẹni kan náà ń tà á, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí bolinho de Jesus. Ohun tó wà lórí àtẹ, títà ni, fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kó má rà á. Kó má dúró níbẹ̀ wàásù fún ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Mùsùlùmí tó ń wọ búkà oníkílò kó máa béèrè pé tem porco?, nítorí wọ́n máa ń se ẹ̀wà mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ má ya fótò alákàrà láìbéèrè. Ní àdúgbò Pelourinho, àwọn obìnrin kan wà tó múra bí alákàrà, tó jẹ́ pé fótò ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹ óò san owó fún fótò náà, nítorí náà ẹ bá wọn sọ iye rẹ̀ kí ẹ tó dúró tì wọ́n.

Bí ẹ bá jẹun tán, ọkùnrin yóò ní obrigado, obìnrin yóò ní obrigada. Ẹ sọ fún ìyá náà pé àkàrà là ń pè é nílé wa pẹ̀lú. Inú ọ̀pọ̀ wọn máa ń dùn láti gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ bí a ṣe ń dín in. Ẹ dá àwo rẹ̀ padà, ẹ ju bébà epo sínú garawa ìdọ̀tí, kí ẹ sì yà fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín.